Ìdí Tí Ti Òsì Fi Ga

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀lẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ń lọ́ra o. Ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tó jẹ́ pé bí ẹlòmíì bá fọwọ́ kàn án, ńṣe ni yóò rún wómúwómú, òun á ṣí i bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lójú ọmọ tó ń sùn. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń ṣe é, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, nílé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí. Tábìlì kan, gíláàsì kan, iná méjì, àti kámẹ́rà tó dorí kodò látòkè bí àdán: gbogbo ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kò sí ohun tí wọn kì í gbé wá síwájú rẹ̀. Wọ́n ń gbé àwòrán ilẹ̀ tó fẹ̀ bí ẹní wá, èyí tí àwọn tí kò débẹ̀ rí fi rúlà pín odò sí méjì. Wọ́n ń gbé lẹ́tà àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ àti àwọn tó ń ṣépè wá. Wọ́n sì ń gbé ìwé ẹ̀tọ́ wá, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé lágbájá ló kọ́kọ́ ronú kan ẹ̀rọ báyìí, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun á ya ewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, á fún un ní nọ́ńbà, á kọ ohun tó jẹ́ sábẹ́ rẹ̀, wọn á sì kó o sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Òfin kan wà nídìí iṣẹ́ náà tó fẹ́ràn ju gbogbo òfin yòókù lọ: a kì í fo ewé. Bí eku bá ti jẹ ìdajì rẹ̀, yà á. Bó jẹ́ pé akọ̀wé kan ló fi nu gègé, yà á. Ó máa ń fi yangàn lójú àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n bá gbà síṣẹ́. "Látọjọ́ tí mo ti débí," á ní, "mi ò fo ewé kan rí."

Bàbá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe kiri àdúgbò ni bàbá náà, ẹ̀rọ omi ẹlẹ́sẹ̀ tí èèyàn máa ń dúró lé pákó méjì lórí, tí yóò máa fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, tí omi yóò sì máa tú yàà láti inú kànga. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà tí wọn ò rọ orúkọ ọ̀gá kan mọ́ láyà, ọ̀gá tó ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n. Bí bàbá bá tún ọ̀kan ṣe tán, á fi sípánà gbá orúkọ yẹn kò-kò-kò, á ní, "Ẹ wò ó, irọ́ ni wọ́n kọ síbí. Èmi ni mo ṣe é." Àwọn aládùúgbò á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ fún un: Bàbá Èmi-Ni-Mo-Ṣe-É. Ìyá náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Ọlọ́wọ́ Ẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá wá tún ẹ̀rọ ilé ìwé wọn ṣe. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Bàbá tún ẹ̀rọ náà ṣe tán, ó gbá irin kò-kò-kò, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ojú ti ọmọbìnrin yìí dénú egungun. Ló bá jáde sáàárín wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé parọ́. Ẹ̀ ń dójú tì wá." Bàbá wò ó títí. Ó nu sípánà, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì lọ. Kò sẹ́ni tó tún gbọ́ "èmi ni mo ṣe é" lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, àyà tó ń dùn ún ló gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di ìgbàgbé, àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí wọ́n gbé àpótí ìwé ẹ̀tọ́ tuntun wá, tó ṣí fáìlì kẹta, tó sì bá ẹ̀rọ omi ẹlẹ́sẹ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá wà lókè gàdàgbà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tẹ́ àwòrán náà sábẹ́ gíláàsì, ó sì ń tún iná ṣe nígbà tójú rẹ̀ lọ síbi pákó méjèèjì. Wọn ò dọ́gba. Ti òsì fi nǹkan bí ìka méjì ga ju ti ọ̀tún lọ.

Àwọn ẹ̀rọ tó mọ̀ níta, pákó wọn dọ́gba geere. Iléeṣẹ́ ti tún un ṣe kí wọ́n tó rọ wọ́n jáde. Àwòrán àkọ́kọ́ yìí nìkan ni ti òsì ti ga. Ó ka àlàyé tí ọ̀gá kọ tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá ṣàlàyé páìpù, ó ṣàlàyé awọ tó ń dí omi, ó ṣàlàyé bóòtù tó mú gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa pákó òsì.

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀lẹ̀ sì mọ ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi ìka méjì kúrú ju ọ̀tún lọ. Ó mọ̀ ọ́n láti inú oyún.

Lẹ́tà kan ló tẹ̀ lé àwòrán náà. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ńláńlá tó dúró ṣanṣan bí ọmọ iléèwé tó ń bẹ̀rù olùkọ́. "Sí ẹ̀yin ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìwé ẹ̀tọ́. Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ yìí nílé mi fún ìyàwó mi, nítorí kànga wa jìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kò sì kanlẹ̀ dáadáa. Mo gbé e han ọ̀gá mi, ó ní kí n fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, kí ẹ bi í pé kí ló dé tí ti òsì fi ga. Kò ní mọ̀."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó sáré fa orí sẹ́yìn kó má baà kán sórí ìwé. Ó ya fọ́tò lẹ́tà náà, ó sì ṣí ewé tó kàn.

Èsì ọ́fíìsì ni. Gbólóhùn méjì péré. Wọ́n ní àwọn ti gbé ẹ̀sùn náà yẹ̀ wò, àwọn sì ti pa á tì, níwọ̀n bí ìyàwó ẹni tó pẹjọ́ fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí ta kò ó.

Ẹ̀rí náà ló gbẹ̀yìn. Ẹlòmíì ló bá a kọ ọ́: pé òun, ìyàwó òṣìṣẹ́ yìí, rí ọ̀gá pẹ̀lú ojú òun méjèèjì tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ náà lórí tábìlì rẹ̀, àti pé ọkọ òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ láìku ẹyọ kan, ìtẹ̀ka àtàǹpàkò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàdáwà rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ ohun tí òtítọ́ fẹ́ ṣe tó bá débẹ̀ tó bá a pé olóhun ti di èrò ọ̀run.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Inú ilé iléeṣẹ́ tí wọ́n bí gbogbo wọn sí ni màmá ṣì ń gbé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ó jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.

"Màmá, ta ló ya àwòrán ẹ̀rọ omi yẹn?"

"Èwo nínú ẹ̀rọ omi?"

"Màmá."

Màmá ká ẹ̀wù kan tán, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. "Bàbá yín ni."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi tẹ̀ka pé ọ̀gá ni?"

Ìyá àgbà ò béèrè bó ṣe mọ̀. "Mẹ́rin lẹ jẹ́. Ìwọ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ọ̀gá ní kí n yàn: kí n tẹ̀ka, kí n máa gbélé yìí, kóun sì fi mí síbi ìgbálẹ̀ ọ́fíìsì, àbí kí n kó yín síta kílẹ̀ tó ṣú. Bàbá yín, wọ́n ti lé e níṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́, èwo lo máa yàn?"

"Ṣé bàbá mọ̀?"

"Ojú mi ni wọ́n ti kà á sí i létí."

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀lẹ̀ wá ibi jókòó. "Wọ́n mọ̀, wọ́n sì bá yín gbé títí tí wọ́n fi kú?"

"Kò fi bú mi rí. Kò sí ọjọ́ kan báyìí." Màmá mú aṣọ mìíràn. "Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn."

"Ẹ máa ń bá àwọn aládùúgbò fi wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Tí mi ò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Èmi ni mo pè wọ́n ní òpùrọ́ lójú gbogbo iléèwé, màmá. Èmi ọmọ wọn."

"Mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ gbọ́, ẹ ò sì sọ nǹkan kan fún mi?"

"Kí ni kí n sọ?" Ìyá àgbà gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Dákun. Fi lẹ́tà bàbá rẹ síbẹ̀, káyé kà á. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n yọ tèmi kúrò. Ewé kan ṣoṣo ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àkọ́bí wọn, pè é lórí fóònù kó tó délé. Màmá ti sọ fún un. "Àbúrò mi," ó ní, "nítorí òrùlé tó bò ọ́ tó o fi kàwé ni màmá ṣe ta iyì ara rẹ̀. Tó o bá gbé e síta, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni fáìlì náà fi wà lórí tábìlì. Bí ó bá yọ ewé kan, òun náà á tẹ̀ka sírọ́ nìyẹn, bí ìyá rẹ̀. Bí kò bá yọ ọ́, ìyá rẹ̀ ni yóò jù síta. Kò sí èyí tó rọrùn gbé mì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó fún gbogbo ewé ní nọ́ńbà láìfo ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé: "Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà ló ṣe ẹ̀rọ yìí. Pákó òsì ga nítorí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ìhàlẹ̀mọ́ni ni wọ́n fi gba ẹ̀rí ìyàwó náà lẹ́nu rẹ̀."

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ tó lè bí, pè é lọ́jọ́ Ajé. Ó ti pa gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. "Màmá, ẹ má bínú. A kì í dájọ́ níbí, fọ́tò là ń yà. Ẹni tí ìwé ẹ̀tọ́ bá dárúkọ rẹ̀ la máa ń kọ sílẹ̀."

"Mo mọ ẹni tó ṣe é."

"Ṣé ẹ ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Lẹ́tà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀sùn nìyẹn, màmá. Ẹ̀rí tó ta kò ó sì wà nínú fáìlì kan náà."

Bó ṣe jáde nìyẹn. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ: ọ̀gá iléeṣẹ́. Lẹ́tà bàbá: "ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ kan, tí wọ́n pa tì." Akọ̀wé àtijọ́ ti ṣi orúkọ bàbá kọ nínú èsì, bó ṣe kọ ọ́ yẹn ni wọ́n sì fi í sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá wá a dọ̀la, kò ní rí i. Nínú gbogbo ìdílé wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ jáde pé pérépéré, ìyá wọn, pẹ̀lú irọ́ tó pa.

Kò tó oṣù méjì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá nǹkan fún iṣẹ́ iléèwé, tó tẹ orúkọ ìyá bàbá rẹ̀, tó sì rí i. Inú ọmọ náà dùn. Ó kígbe pé màmá àgbà ti di gbajúmọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ní pálọ̀ ilé bàbá rẹ̀, níṣojú àwọn àlejò, títí tó fi dé ibi tó ti yé òun fúnra rẹ̀, tó sì dákẹ́ lójijì. Màmá wà níjòókòó níbẹ̀. Kò padà sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin rẹ̀ ló sùn lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ló sì wà títí.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Ọlọ́wọ́ Ẹ̀lẹ̀ máa ń pè. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń gbé e. "Wọ́n ń sinmi, àǹtí." Ọ̀sẹ̀ tó kàn: "Wọ́n ń wẹ̀." Ó ti mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n ó ṣáà ń pè. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kì í ṣe ìbínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá tí wọ́n jà lólè yẹn ló ń rò. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ìyàwó òun ló ta òun. Ó jẹ́ káyé máa pe òun ní òpùrọ́, ó jẹ́ kọ́mọ òun bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, kò sì fi ìyàwó rẹ̀ sùn fún ẹnì kankan. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bò mọ́lẹ̀, òun ọmọ rẹ̀ ló fún ní nọ́ńbà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màmá gba fóònù.

"Màmá, ẹ káàsán. Ṣé ara le?"

"Bàbá rẹ ì bá fo ewé yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní fóònù padà.