Aṣọ Pupa Lára Igi Èmí

Òórùn èso èmí tó pọ́n, tó já sílẹ̀, tí oòrùn àárọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa, máa ń wọ imú títí dé ọ̀fun. Bí mo bá ti gbóòórùn yẹn, ọdún tí mo kàwé tán tí n kò tíì ríṣẹ́ ló máa ń padà wá bá mi, ọdún tí mo wà ní Ṣakí tí mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Òrí ni ìyá mi ń ṣe, bí ìyá rẹ̀ náà ti ṣe é. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló ti máa wà lóko bàbá wa, tí á máa ṣa èso èmí sínú agbọ̀n. A kì í ká èmí lórí igi lọ́dọ̀ wa. Ó ní láti já fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì tètè jí ló ni ín. A óò jẹ ara èso, a óò sá kóró rẹ̀, a óò gún un, a óò lọ̀ ọ́, a óò wá máa pò ó nínú omi títí òrí yóò fi léfòó. Òrí yẹn ló rán ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níléèwé, òun náà ló rán èmi.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí. Bàbá wa ti kú, ilẹ̀ oko sì ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, nítorí nínú ẹbí wa, ọkùnrin ló ń jogún ilẹ̀, obìnrin ló ń ṣa èso. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìbàdàn ló ń gbé, n kò sì rí ẹni tí mo fẹ́ràn tó o láyé. Nígbà tó délé lọ́dún náà, ó ní òun fẹ́ kó àwọn ìdílé kan wá, bàbá, ìyá àti ọmọ, kí n mú wọn rìn kiri inú oko, kí wọ́n máa tọ́ oúnjẹ igbó wò. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná, ó jó.

Ó ní, "Ìwọ lo mọ igbó. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ ju bísíkíìtì lọ. Ṣáà so aṣọ pupa mọ́ àwọn igi èmí tó dára jù, èyí tó tóbi, tó ń so dáadáa, kí wọ́n lè máa rí i látòkèèrè."

Èmi ọ̀mọ̀wé, mo ní ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló mú ìborùn rẹ̀ pupa kan tó ti gbó jáde, ó ya á tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fún mi. Àwa méjèèjì la jọ yí oko náà ká. Á gbọ́wọ́ lé igi kan, á ní, "Eléyìí dùn bí oyin, àmọ́ ó máa ń sinmi lọ́dún kejì." Á dé ìdí òmíràn, á ní, "Abẹ́ ibí ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́." Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, èmi á so aṣọ. Igi tí mo so aṣọ mọ́ lé lógún. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fò nínú àwọn tó dára. Ó wà lẹ́yìn àpáta, èso rẹ̀ sì dùn ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀ fún ara wa jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ahun ni mí. Ahun náà ni mí lóòótọ́.

Ọjọ́ tí àwọn àlejò dé, mo ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá iléèwé. Mo kọ́kọ́ la èso igi irú fún wọn, ìyẹ̀fun yẹ́lò inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ létè, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá mi yan kànnì, kòkòrò tó ń jẹ ewé èmí, èyí tó ti sá gbẹ, tó sì tọ́jú láti ọdún tó kọjá. Ọmọbìnrin kékeré kan figbe ta, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń nawọ́, "Màmá, ẹ fún mi sí i." Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn èmí, ńṣe ni wọ́n ń sáré láti ìdí aṣọ pupa kan dé ìdí òmíràn, omi èso ń ṣàn dé ìgúnpá wọn.

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kò mú ìyàwó wá, tí kò mú ọmọ wá, tí kò sì jẹ nǹkan kan. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi tí aṣọ wà lára rẹ̀, á wá na apá méjèèjì, á gbá a mọ́ra. Mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó ni?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ló rẹ́rìn-ín jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá mi ti oko dé pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Ó jókòó sórí àpótí, kò bọ́ bàtà. "Lọ wò ó," ó ní. Mo gun ọ̀kadà. Kí n tó dé ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Gbogbo èyí tí mo so aṣọ mọ́ ló ti wà nílẹ̀. Àwọn èyí tó korò, àwọn tí kì í so, dúró láìfarapa. Aṣọ ìborùn ìyá mi wà káàkiri nínú èérún igi. Ọkùnrin tó ń gbá igi mọ́ra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá kan, ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó ní èédú tó máa tibẹ̀ jáde á dára gan-an. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Aṣọ yẹn dín iṣẹ́ wa kù."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní kí n so ó!"

Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. "Ilẹ̀ mi ni. Káṣú ni màá gbìn síbẹ̀. Ta ló ń dúró de èmí láyé ìsinsìnyí?"

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Ìyá. Ó ní, "Ká ní mo sọ, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n gé e?"

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó ń ta ni tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn gé igi ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Ìyá nìkan ló mọ èyí tó dára jù nínú oko yẹn, ó sì mọ̀ pé èmi nìkan ni Ìyá máa fi hàn láìbéèrè ìdí. Ìfẹ́ tí mo ní sí i ló fi ṣe àdá. Ìyá kò bá a jà. Ó ní ọmọ òun ni. Èmi ni mo bínú, mo bínú títí ìbínú náà fi di ara mi.

Káṣú náà so, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ìyá ti darúgbó báyìí. Igi ẹ̀yìn àpáta yẹn nìkan ni a ṣì ń ṣa, òrí rẹ̀ kì í kún igbá kan lọ́dún. Nígbà Iléyá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kó ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ó fi òrí náà pa ara èyí tó kéré jù nínú wọn, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Òrí yìí dára o. Níbo lẹ ti ń rí i?"

Mo ní, "Ìgbòho la ti ń rà á."

Ó yíjú sí Ìyá. Ìyá jókòó sórí ẹní ìkírun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin yìí ló nà mí nígbà kan nítorí mo ní mo ti kírun nígbà tí n kò tíì kí i. Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ bíi mẹ́ta.

"Ìgbòho ni," ó ní.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa dùn mọ́ mi. N kò lè wo ojú Ìyá.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ní kí n mú àwọn rìn nínú oko bí mo ti mú àwọn ọmọ Ìbàdàn rìn láyé àtijọ́. Bàbá wọn ló sọ ìtàn náà fún wọn, ó ní ọjọ́ yẹn dùn gan-an. Mo mú wọn gba abẹ́ káṣú. Àsìkò rẹ̀ ti kọjá, wọn kò rí nǹkan kan jẹ. Nígbà tí a súnmọ́ àpáta, atẹ́gùn fẹ́, èyí tó kéré jù dúró, ó gbé imú sókè.

"Àǹtí, kí ló ń ta sánsán báyìí?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kò mọ nǹkan kan nípa aṣọ pupa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dì í lọ́wọ́ mú, mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ká máa lọ sílé.