Áńpílífáyà Lọ sí Oǹdó, Sípíkà Lọ sí Ìpògún

Òórùn fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹrù òyìnbó, tí ó da pọ̀ mọ́ ti rọ́bà wáyà tuntun, ni ó jí mi ní àárọ̀ Sátidé kan ní Ìjàpọ̀, àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì jẹ́ tuntun, tí ọ̀dà ilé tí a ń gbé sì tún ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Mo sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Páálí kún pálọ̀. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀wọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, ń jó láàárín wọn. Ẹ̀rọ orin ti dé. Mo fò, mo kọlu ògiri, mo sì tún fò.

Kí páálí wọ̀nyẹn tó dé, àríyànjiyàn ti gba ilé wa kan. Ṣé kí a ra alápapọ̀, àpótí kan tí áńpílífáyà, rédíò àti ibi tí à ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ jọ wà nínú rẹ̀, àbí kí a rà wọ́n ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì fi wáyà so wọ́n pọ̀? Àpótí kan ni màmá mi fẹ́. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ni ó ń wí, òwe tí ó ń lò fún abọ́ fífọ̀ àti fún ìṣèlú bákan náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, oníṣòwò kòkó tí à ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Oǹdó nítorí ìlú tí ó ń gbé, kò gbà. Ó ní bí ẹ̀yà kan bá ṣàìsàn nínú àpótí kan, gbogbo ilé ni yóò yadi; ó ní ohùn tí a kò yà sọ́tọ̀ a máa dọ̀tí. "Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ ẹ̀pà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ imumu." Ọkàn bàbá mi wà lọ́dọ̀ àpótí kan, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé ọkùnrin kì í wo ojú àna rẹ̀ kí ó ní rárá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ra ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ṣojú iléèwé wa níbi àríyànjiyàn kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ pé abúlé dára ju ìlú ńlá lọ. Abúlé ni mo gbè, èmi tí n kò di ọkọ́ mú rí, a sì borí. Bàbá mi wà ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ náà fún iṣẹ́ ìjọba, nítorí náà olùkọ́ mi gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá kọ̀ láti gbọ́ ọ nínú rédíò kékeré wa tí ń hó bí ọbẹ̀. "Ohùn ọmọ mi kì í ṣe ohun tí mo máa gbọ́ nínú agolo," ni ó wí. "Jẹ́ kí ẹ̀rọ dé." Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé ju kí bàbá mi gbọ́ mi lọ.

Bí a ti ń to wáyà lọ́wọ́ ni iná lọ. Kí iná tó padà, Bọ̀ọ̀dá Oǹdó ti wá kí ẹ̀rọ náà kú oríire. Ó ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ti dé, áńpílífáyà nìkan ni òun fẹ́ yá, ẹyọ kan péré. Bàbá mi bá a gbé e dé inú mọ́tò. Nígbà tí àbúrò bàbá mi, Àǹtí Bísí, ìyàwó ilé kan ní Ìpògún, rí i pé sípíkà méjèèjì jókòó láìrí iṣẹ́ ṣe, ó kó wọn lọ síbi ìkómọ. Aládùúgbò wa, ọmọ Ìkàrẹ́ tí ń fi kásẹ́ẹ̀tì kọ́ èdè Faransé, sì yá èyí tí ń lu kásẹ́ẹ̀tì, kí ó lè so ó mọ́ rédíò tirẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún wa ni rédíò tí kò ní ẹnu. Iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn, kò sì fọhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ a ó jókòó yí i ká. Àbúrò mi kékeré a máa jó sí iná náà. Bí àlejò bá béèrè, bàbá mi a ní ẹ̀rọ ń sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ketekete, nítorí inú ṣì ń bí mi. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ wọ̀nyí yóò kì wá láyà pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohùn rẹ̀ mọ́ jù. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé láàárín àwọn tí ó ní ìbátan, ohunkóhun tí ó bá ṣeé tú ni wọn yóò tú. Ta ni ojú kò ní tì láti yá odidi ẹ̀rọ onílé? Ṣùgbọ́n ẹyọ kan! Màmá mi ti rí i ṣáájú gbogbo wọn. "Nǹkan odidi là ń ṣọ́," ni ó wí. "Èyí tí a bá ti gé, a ti pín in tán."

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá bàbá mi, mo to kókó ọ̀rọ̀ mi níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti kọ́ wa. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kò sí bí òun ṣe lè béèrè nǹkan padà lọ́wọ́ àna. Màmá mi ló rí ọ̀nà àbáyọ: a kì í sin àna ní gbèsè, ṣùgbọ́n a lè ní kí á jọ jẹun. Ó ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, a ó péjọ sílé Bọ̀ọ̀dá Oǹdó láti gbọ́ ohùn ọmọ òun. Kí olúkúlùkù mú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dání, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mú ìwé orin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Rédíò tí kò ní ẹnu wà lórí itan mi nínú mọ́tò Pijó wa, kásẹ́ẹ̀tì wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mi. Kí a tó kọjá odò Òwènà, mo ti kọrin títí ohùn mi fi há. Àǹtí Bísí kó sípíkà méjèèjì dé lórí ọkọ̀ tí ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹ́ adìẹ sì lẹ̀ mọ́ wọn lójú. Ará Ìkàrẹ́ ń fi èdè Faransé kí gbogbo ará ilé, àwọn ìyá àgbà sì ń dá a lóhùn pé "àmín". Nígbà tí ó di ká so wọ́n pọ̀, olúkúlùkù kò mọ̀ ju ẹ̀yà tí ó yá lọ. Wọ́n jiyàn, wọ́n fa wáyà, sípíkà kan kígbe, èkejì dákẹ́. Lójijì, ohùn mi jáde, ó tóbi jù mí lọ, ó kún pálọ̀ títí dé òpópónà.

Bàbá mi tẹ orí ba, ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ nínú kásẹ́ẹ̀tì pé òmùgọ̀ ni ará ìlú ńlá tí ń ra ewébẹ̀ tí ó lè gbìn sẹ́yìnkùlé, ó dìde, ó na ìka sí sípíkà.

"Irọ́ ni. Ta ló ń sanwó iléèwé ẹ? Ṣebí ìlú ńlá ni."

Sípíkà náà fèsì lójú ẹsẹ̀: "Ẹ lè ní owó ìlú ni ó ń tọ́ wa. Ta ni ó ń bọ́ ìlú?"

Àǹtí Bísí yọ̀ bọ́ lórí àga. Bàbá mi di orí mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn kí òun lè tún un jà. Màmá mi ní kí ó má wulẹ̀ béèrè ibi tí ọmọ náà ti rí ẹnu.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, Bọ̀ọ̀dá Oǹdó gbé ọwọ́ lé áńpílífáyà. "Ọkọ wa, ẹ jẹ́ kí èyí ṣì wà lọ́dọ̀ wa díẹ̀ sí i." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì, láti ibẹ̀ ni ó sì ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọmọ yìí kò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Bọ̀ọ̀dá Oǹdó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e wọ mọ́tò wa.

Àpótí kan ni mo rà sílé tèmi lónìí, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí sínú ìwé ìròyìn, mo ti bá àwọn ọlọ́jà jiyàn lé e lórí. Mo mọ̀wé ju ọmọdébìnrin ọjọ́ náà lọ, ìbínú mi sì ní ìlànà. Síbẹ̀ ọmọ náà ṣe oríire jù mí lọ. Àwọn òǹkàwé mi pọ̀, wọ́n a máa yìn mí, wọ́n a sì ṣí ojú ewé mìíràn. Òun ní olùgbọ́ kan ṣoṣo, ẹni tí ó dìde lórí àga rẹ̀, tí ó ní irọ́ ni.