Bàtà Tí Sájẹ́ǹtì Àkànní Pín

Josiah Àkànní Ṣówándé, ọmọ Lísàbí, ọmọ abẹ́ Olúmọ, ọkọ Adúkẹ́, baba Fúnmi, Sájẹ́ǹtì tí àwọn ọmọ ogun ń kì ní "Àkànní a-pín-má-rẹ́ni-jẹ, ó pín fún ọ̀gá, kò gbàgbé ìránṣẹ́": òun ló lọ.

Mo jókòó sílé rẹ̀ ní Dagenham East, níhìn-ín nílùú òyìnbó, nígbà tí Fúnmi, ọmọ rẹ̀, yọ bàtà sójà kan jáde látinú àpò. Ó ti fi pólíìṣì kùn ún títí ó fi ń dán. Ó fẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ sí bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú pósí. Wòlíì Ọlátúnjí tó ń bójú tó ìjọ wa ní Barking ní rárá. Nínú ìjọ Aládùúrà tiwa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà jẹ́ ààyè.

"Ọ̀nkù Láyí, ẹ bá mi bẹ Wòlíì," ni Fúnmi wí. "Sójà ni Dádì. Ṣé ká wá sin wọ́n bí ẹni tí ò ní nǹkan kan ni? Ojú á tì mí."

Mi ò bẹ Wòlíì. Iṣẹ́ tí èmi àti bàbá rẹ̀ jọ ṣe ni mo sọ fún un.

Nígbà ogun abẹ́lé, inú sítọ́ọ̀ ni wọ́n fi wá sí. Àwọn kan ń yìnbọn; iṣẹ́ tiwa ni kí ìrẹsì, iyọ̀, aṣọ àti bàtà dé ọwọ́ àwọn tó ń yìnbọn. Òun ni ọ̀gá, èmi ni mo ń gbé ẹrù. Bàtà máa ń dé ní méjì-méjì, okùn ọ̀tún á so mọ́ ti òsì. Lọ́jọ́ kan, òjò ká ọkọ̀ akẹ́rù wa mọ́ ojú ọ̀nà, atẹ́gùn sì fẹ́ gbé tapólì tí a fi bo ẹrù lọ. Bàṣírù awakọ̀ bá tú gbogbo okùn bàtà, ó fi di tapólì mọ́ ọkọ̀. Bàtà kankan ò tutù, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ ogun máa lọ síwájú. Ọ̀gá Bídèmí, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò, ní ká kàn fún oníkálukú ní méjì tó bá bọ́ sí wa lọ́wọ́. "Kí wọ́n lọ pààrọ̀ láàárín ara wọn."

"Sà," Àkànní dáhùn, "ìbọn ò wúlò lọ́wọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó."

A kó ọ̀tún síbìkan, a kó òsì síbìkan, ó ní kí wọ́n tò. Kò béèrè nọ́ńbà ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó dàgbà láìwọ bàtà, níbo ló ti fẹ́ mọ nọ́ńbà? Ṣe ló ń fi ìka tẹ orí bàtà, kó lè mọ ibi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ dé. Ó wá ku Sùlé, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ọkọ́. Kò sí èyí tó gbà á. Àkànní jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó bọ́ tiẹ̀ fún un.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi àti ìrẹsì la jọ ń gbé. Ìrẹsì ò lé mi rí."

Nígbà tí Méjọ̀ Dánlámì wá ṣàyẹ̀wò, ó bá a ní ẹsẹ̀ lásán lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀.

"Bàtà rẹ dà?"

"Ó ti lọ síwájú, sà. Èmi ló kù lẹ́yìn."

Àtìmọ́lé ni wọ́n jù ú sí. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀, ó bi mí bóyá àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti jẹun. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Vicarage Field ní Barking, gbogbo ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo kọ́ ní títẹ orí bàtà, títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Fúnmi gbé bàtà náà lé itan. "Dádì ò sọ ọ́ fún mi rí. Sùlé yẹn wá ńkọ́?"

"Ó padà wá. Ó dá bàtà náà padà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán. Bàbá rẹ ní òun ò rí bàtà tó ṣiṣẹ́ tó báyẹn rí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó dá bàtà tó ń dán náà padà sínú àpò.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin Josiah Àkànní Ṣówándé, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà.