Orin Tí Wọ́n Fi Ìṣó Họ

Àwọn tó ń pariwo lóde òní pé kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ àbùkù kúrò nínú orin àtijọ́, mo máa ń fẹ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbọ́ orin tí wọ́n gé rí. Èmi ti gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ ní Òṣòdì, lọ́jọ́ ìkómọ àkọ́bí mi, kété lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí a ṣì ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ gíráàmù kó tó kọrin. Láti ọjọ́ náà, ojú tí mo fi ń wo àwọn tó ń fọ orin mọ́ kò dára rárá.

Orin kan wà nígbà náà tí gbogbo ayé ń kọ. Kò sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ilé ìyàwó láti Ìsọlọ̀ dé Máfolúkù tí o kò ní í gbọ́ ọ. Ó dùn ún jó, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kò kún ṣíbí. Apá méjì ló ní, tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lójú kan náà lára àwo. Apá kìíní ń bú àgàn, ó ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ. Apá kejì ń fi bàbá arúgbó kan ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó lọ fẹ́ ọmọ tó lè bí, tí kò wá lè ṣe ọkọ fún un. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń ná owó ra àwo nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà ní Ìsọlọ̀. Màmá ni mo ń pè é, nítorí mi ò mọ ìyá mìíràn. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó gbọ́n. Màmá kò bímọ. Ọkọ rẹ̀ lé e jáde nítorí ìyẹn, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà, òun ló sì fi rán mi nílé ìwé. Bó bá ti ń kọjá, àwọn obìnrin àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kun apá kìíní orin yẹn sábẹ́ imú. Wọn kò ní wo ojú rẹ̀ o. Ìkòkò ọbẹ̀ wọn ni wọ́n á tẹjú mọ́. Bí mo bá fara ya, wọ́n á ní, "Kí ló dé? Orin là ń kọ ní tiwa. Ṣé a dárúkọ ẹnì kankan ni?" Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè jókòó ti ẹni tó bá ń sọ pé orin lásán ni, pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, kí a má bínú. Ẹni tí wọn ò fi orin gún rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sílé ọkọ ní Òṣòdì, orin náà ti ṣáájú mi débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni olórí ilé. Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí òwú, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọbìnrin kan tí kò ju mí lọ níyàwó. Ọdún tó gbé e wálé gan-an ló ṣàdédé rí i pé orin ń ba ìwà àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ó pe àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí, ó pe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí wọ́n ti ń jà láti ọjọ́ pípẹ́ lórí ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga sí, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fẹnu kò sí wàràwàrà. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá ní àwo orin náà gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọn ò lè fọ́ àwo tí èèyàn fi owó rà, ìjà á ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á fi ìṣó họ ibi tó burú níbẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, mo ń gbé omi fún wọn. Wọ́n á gbé àwo sórí ẹ̀rọ kí wọ́n lè mọ ibi tí ìbàjẹ́ wà. Bí apá kìíní bá ń lọ, Bàbá Àgbà á máa mi orí, á máa fi ìṣó ọwọ́ rẹ̀ lu apá àga, àwọn ẹni iyì yòókù á sì máa gbè é. Bí ó bá wá kan ti arúgbó, ojú gbogbo wọn á le koko. "Ẹ dá a dúró! Ibẹ̀ nìyẹn!" Lójú ẹsẹ̀, ìṣó ti họ ibẹ̀.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, apá ti àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. "Kí ló burú nínú ìyẹn? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó, lọ bá wa bu omi tútù sí i."

Mo lọ bu omi. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà dé ọ̀run.

Nígbà tí mo bímọ, Màmá wá láti Ìsọlọ̀ wá wẹ̀ ẹ́. Nílé ọkọ mi, ẹni tó bá wẹ ọmọ títí di ọjọ́ ìkómọ ló ń gbé e jáde, tí wọ́n á da omi sórí òrùlé, tí omi náà á kán sí ọmọ lára. Mùsùlùmí ni wọ́n, ààfáà sì máa ń bá wọn wí lórí omi yẹn, wọn ò fi sílẹ̀. Ọmọ tèmi ni Màmá yóò kọ́kọ́ gbé sábẹ́ omi láyé rẹ̀. Ó ti fọ aṣọ tí yóò fi nù ún, ó ti sá a, ó ti ká a.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi wọlé tọ̀ mí wá. "Ìyàwó, èmi ni n ó gbé ọmọ jáde o. O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀."

Mo sọ fún ọkọ mi. Ọkọ mi jẹ́ ẹni tó máa ń wo bàtà rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá le. Ó wo bàtà rẹ̀. Màmá ti gbọ́ ohun gbogbo láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Má bá wọn jà. Gbé e fún wọn." Ó tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún ká a, ó tún tú u.

Ààfáà ṣàdúrà tán, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbé gíráàmù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi àwo yẹn sí i, nítorí Bàbá Àgbà ti ní ó ti mọ́ báyìí. Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ, ó ń jó lọ síta. Gbogbo wọn ń gbe orin.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ dé ibi tí ìṣó họ, ó ta padà sínú apá kìíní.

"Àgàn, gbé ọwọ́ ẹ kúrò." Ó tún ta padà. "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò. Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

Ijó dúró. Gbogbo ojú yí sí Màmá tó dúró ti ògiri pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Bàbá Àgbà ń jágbe, "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Ẹnì kan sáré síbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó máa wí. Ta ló fẹ́ bá a gbè é nínú yín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ ọ́ lẹ́yìn mi, ẹ bọ́ síwájú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ lójú mi."

Àwọn tí ohùn wọn ti fẹ́ gbé páànù lọ ṣáájú, wọ́n wá ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó yí ọwọ́ ẹ̀rọ mọ́, nítorí náà ohùn olórin náà ń fà, ó ń rẹlẹ̀, ó ń ké bí màlúù, ó sì dákẹ́.

Mo lọ bá ìyá ọkọ mi. "Ẹ gbé ọmọ fún mi, mà." Ó gbé e fún mi. Mo gbé e fún Màmá. Mo ní, "Ẹ gbé ọmọ yín."

Ó gbé e dúró lábẹ́ òrùlé. Kò sí ẹni tó fẹ́ da omi. Ọkọ mi ń wo bàtà. Nígbà náà ni ìyàwó kékeré Bàbá Àgbà, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan láti òwúrọ̀, gba garawa lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dání, ó sì da omi náà sórí páànù. Ọmọ mi ké.

Bàbá Àgbà ní kí wọ́n fọ́ àwo náà. Màmá ní kí wọ́n fún òun. Ó gbé e lọ sí Ìsọlọ̀, ó gbé e kọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá kẹrosíìnì rẹ̀, kò sì ní gíráàmù. Bí obìnrin kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin náà bó ṣe ń kọjá, Màmá á nawọ́ àwo náà sí i: "Òun nìyí. Lọ gbé ẹ̀rọ wá, ká jọ gbọ́ ọ."

Títí tó fi kú, kò sí ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá.