Ìmọ́lẹ̀ Táyé àti Kẹ́hìndé

Bí ìkùukùu bá ti bo oòrùn, mo máa ń rántí onífọ́tò tó bá rélùwéè wá sí Ẹdẹ. Kì í ṣí ojú kámẹ́rà rẹ̀ láìkọ́kọ́ na ọwọ́ síwájú ògiri funfun, kó wo bí òjìji rẹ̀ ṣe dúdú tó, kó fi mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Lẹ́yìn ikú Kẹ́hìndé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, mo mú Táyé lọ bá a, kó fi í ya ìbejì méjèèjì sínú fọ́tò kan. Ó fi páálí bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ó ya Táyé lápá ọ̀tún. Ó gbé páálí sí ìdajì kejì. Bí Táyé ṣe sún sápá òsì láti jókòó fún Kẹ́hìndé ni ojú ọjọ́ ṣú.

“Ẹ jọ̀ọ́,” mo bẹ̀ ẹ́, “ẹ má jẹ́ kí Kẹ́hìndé mi dúdú ju èkejì rẹ̀ lọ.”

Ó wo òjìji ọwọ́ rẹ̀. “Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ ń gbọ̀n, ọmọ ò gbọ̀n. Bí oòrùn bá ṣahun, èmi á fi sùúrù kún un.” Ó ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Táyé ò mira.

Nígbà tí fọ́tò jáde, mo gbé e sójú fèrèsé, mo wá èyí tó ṣókùnkùn nínú wọn, n kò rí i. Táyé gbà á lọ́wọ́ mi, ó fìka kan apá òsì.

“Kẹ́hìndé,” ó ní, “kú ìjókòó.”