Fèrèsé Tí Mo Tì Mọ́ Màmá

Ní ọdún tí bọ́ílà tó ń mú ilé wa gbóná kú, gbogbo aṣọ tí mo ní ló ń rùn fún èéfín. Yúnífọ́ọ̀mù mi, kóòtù mi, ìbọ̀sẹ̀ mi, kódà Bíbélì kékeré tí mo máa ń gbé lọ sí Sunday school. Bí mo bá wọ kíláàsì láàárọ̀, tíṣà wa á kọ́kọ́ wo òkè àjà, á tún wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bíi pé nǹkan ń jóná níbì kan, kó tó rí i pé èmi ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbọ́njú sí London, tí bàbá yín ń wakọ̀, tí ìyá yín ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ mọ irú ìtìjú tí mò ń sọ. Ta ló fẹ́ jókòó ti ọmọ tó ń rùn bí ẹja gbígbẹ?

Ilé àtijọ́ kan là ń gbé nígbà náà ní Abbey Wood, kí a tó kó lọ sí Thamesmead North. Ilé náà rí tóóró, ó ga, afẹ́fẹ́ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ kejì nínú ọdún tuntun ni bọ́ílà dákẹ́. Onílé ní ẹnìkan máa wá tún un ṣe lọ́jọ́ Monday, kò kàn sọ Monday wo ni. Yìnyín wá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Òtútù yẹn burú o! Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń rí èémí ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá tó bí Dádì sì ti wà lọ́dọ̀ wa láti October. Wọ́n ní kí wọ́n wá láti Ìkirè wá sinmi. Ìsinmi wo? Ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wé gèlè bo etí méjèèjì, tó tún fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora lọ́sàn-án gangan. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè máa gun àtẹ̀gùn, torí náà pálọ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Dádì ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó fi ìka kan ògiri pálọ̀, ó gbọ́ pé ibì kan dún bí igbá òfìfo, ó sì fi ìdí òòlù yọ pákó tí wọ́n fi bò ó. Ààrò ló wà níbẹ̀, ààrò inú ògiri tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ fi ń yáná, pẹ̀lú ihò èéfín tó gùn lọ sí orí òrùlé. Màmá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ń lọ sí ìlú òyìnbó," ni wọ́n wí, "ìdí ààrò náà lẹ tún padà sí." Dádì dáná, èéfín díẹ̀ gun òkè lọ, díẹ̀ padà wá bá wa. Ọmọ ìlú yìí ì bá kọ́kọ́ pe ẹni tó ń gbá ihò èéfín kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ní Ìkirè, ta ni í pe ènìyàn kó tó dáná? Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà, èéfín á wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ. Ohun tí Dádì mọ̀ ló ṣe: ó ṣí fèrèsé pálọ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "Iná náà ń mí," ni ó wí. "Ẹni tó bá sé e mọ́lé, ìjà ló ń wá."

Ó ku igi. Lọ́jọ́ Sátidé, Dádì kó èmi àti Màmá lọ sí igbó Lesnes Abbey láti ṣẹ́gi. Ẹ ò rí Màmá lọ́jọ́ náà! Orúnkún tí ń dùn wọ́n láti ọjọ́ yìí wá, ó gbàgbé ara rẹ̀ nínú igbó. Wọ́n ń ṣa igi tó ti já bọ́, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ wò kí wọ́n gbọ́ bó ṣe dún, tútù lọ́tọ̀, gbígbẹ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá rí èyí tó lọ́, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á sì wo ojú mi: "Igi wọ́rọ́kọ́ tí ń da iná rú." Ìgbà tí ìdì igi pé, wọ́n bọ́ sìkáàfù ọrùn mi, wọ́n ká a ní òṣùká, wọ́n gbé ìdì náà karí, wọ́n sì ń lọ nínú yìnyín láìfọwọ́ dì í mú, tàwọn ti kóòtù dúdú ńlá tí wọ́n wọ̀. Kí n tó mọ̀, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi yọ níwájú, òun àti ìyá rẹ̀ àti ajá wọn. Kí lèmi ṣe? Mo dúró sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá, mo ń wo ojú ọ̀run, bíi pé mi ò mọ ìyá arúgbó yẹn rí. Màmá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rí mi, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà igbó, ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ rọra sọ fún Dádì pé kò yẹ kí a máa kó igi náà, pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn kòkòrò. Màmá ní kí ló wí. Dádì ní, "Mààmi, ó ní àwọn kòkòrò ló ni igi." Màmá wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé òtútù ń mú kòkòrò jù mí lọ ni?" Ṣùgbọ́n a ò padà síbẹ̀ mọ́. Pákó tó fọ́ níbi iṣẹ́ Dádì la wá ń dáná, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó máa kó o.

Nínú gbogbo èyí, òfin Mọ́mì kò yí padà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi tíì kan ẹnu kó tó kúnlẹ̀ kí Màmá. Èmi máa ń fi ìkánjú ṣe tèmi, kí n kan tẹ orúnkún díẹ̀, kí n dìde. Màmá kì í kánjú ní tiwọn. "Àbẹ̀kẹ́ òkín! Ọmọ a-rẹ́rìn-ín-kílé-mọ́lẹ̀. Ṣé ire lo jí? O ò ní kú mọ́ mi lójú. Àbẹ̀kẹ́ tí mo fi ń yangàn…" Wọ́n á kì mí títí tíì mi á fi tutù. Tósìn ni gbogbo ayé ń pè mí, Màmá nìkan ló ni Àbẹ̀kẹ́. Ó máa ń sú mi, ká sòótọ́.

Ọjọ́ Tuesday kan ni wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí yìnyín. Dádì ti dáná fún Màmá kó tó lọ síbi iṣẹ́, Mọ́mì kò sì tíì dé láti ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Nǹkan bí agogo méje, mo sọ̀kalẹ̀ wá. Màmá ń sùn. Ẹsẹ̀ wọn ti yọ kúrò lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ inú fèrèsé sì ń fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀ tààrà. Àánú wọn ṣe mí. Mo rántí bí mo ṣe sẹ́ wọn lójú ọ̀nà igbó, ojú sì tì mí. Mo fẹ́ ṣe nǹkan kan tó dáa fún wọn. Mo bo ẹsẹ̀ wọn, mo ti fèrèsé náà pa, mo fi sìkáàfù mi dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kankan má lè wọlé, mo fa kọ́tìnnì bò ó, mo tún ki pákó méjì bọ iná. Inú mi dùn. Mo padà sókè, mo sùn lọ fọnfọn.

Ìró kọ́kọ́rọ́ Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà ló jí mi, ó ti ń lọ sí agogo mẹ́wàá. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ kó má bàa bá mi láìtíì kí Màmá. Mo kúnlẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Wọ́n la ojú, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Hùn." Mo dúró. Kò sí Àbẹ̀kẹ́, kò sí òkín. Mo tún kí wọn, wọ́n pa ojú dé. Mo ní ó ti parí, wọ́n ti ṣe tán láti bínú ọjọ́ igbó yẹn. Mo sunkún lọ bá Mọ́mì tó ń bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà. "Màmá ń bá mi bínú. Wọn ò kì mí."

Ẹsẹ̀ kan bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ Mọ́mì. Ó ní, "Kí lo wí?" Mo tún un sọ. Bó ṣe sáré wọ pálọ̀ nìyẹn. Mọ́mì mọ ìyá ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí eyín ń ro Màmá bí ẹni máa kú, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n sì kì mí dé ìparí. Nígbà tí mo fi dé ẹnu pálọ̀, Màmá ń béèrè bóyá wọ́n ti bó gbáàgúdá tán. Ahọ́n wọn wúwo, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn. Mọ́mì pe áńbúláǹsì. "Jésù, rọpárọsẹ̀ kọ́ o, Jésù, má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀," ohun tó ń wí nìyẹn títí wọ́n fi dé. Àwọn tó wá gbé Màmá kò ráyè wo ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

Ní ilé ìwòsàn, Dádì bá wa pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Dókítà náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí la fi ń mú ilé gbóná? Igi. Ṣé yàrá náà wà ní títì? Dádì dáhùn kíá pé rárá o, fèrèsé wà ní ṣíṣí, òun fúnra òun lòun ṣí i, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Dókítà mi orí, ó ṣí ìwé sí ojú ìwé kejì.

Orí àga ni mo jókòó sí, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Mo mọ òfin Dádì, mo sì mọ ọwọ́ Mọ́mì. Ṣùgbọ́n mo ń wo Màmá, tí ẹnu wọn ṣí sílẹ̀, tí wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo ti fèrèsé náà. Mo tún fi sìkáàfù dí i." Mo fi òyìnbó sọ ọ́ fún dókítà, mo tún fi Yorùbá sọ ọ́, bóyá torí pé mo fẹ́ kí Màmá gbọ́. Dádì di ojú. Dókítà gbé bíírò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ní láti agogo mélòó. Mo ní láti méje. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó ké sí nọ́ọ̀sì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Màmá, wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń mí bò wọ́n ní imú àti ẹnu. Ó wá sọ fún Dádì pé iná inú yàrá títì máa ń tú gáàsì kan sílẹ̀ tí kò ní òórùn, pé òun ló mú Màmá, kì í ṣe rọpárọsẹ̀, pé ó dáa bí wọ́n ṣe tètè mọ̀.

A jókòó. Kò sẹ́ni tó nà mí, kò sẹ́ni tó bá mi wí, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Màmá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n fa nǹkan náà kúrò ní ẹnu. "Ta ló dì mí lẹ́nu bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu?" Háà! Ẹ̀rín àti ẹkún gbé Dádì lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́mì kọrin, nọ́ọ̀sì ń sáré bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ pé kí Màmá jọ̀ọ́ dá a padà. Mo súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀, mo ka ẹ̀ṣẹ̀ mi pátá, tòun ti ọjọ́ igbó. Màmá wò mí títí. "O ò fẹ́ kí òtútù pa mí, èéfín lo wá fẹ́ fi rán mi lọ." Wọ́n fa etí mi díẹ̀. "Èéfín nìwà, ọmọ yìí, tìrẹ ò sì ṣeé bò mọ́lẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ òkín…" Wọ́n kì mí tán pátápátá lọ́jọ́ náà, èmi náà ò sì kánjú dìde.

Ọkùnrin tó wá gbá ihò èéfín lẹ́yìn náà kó ìtẹ́ ẹyẹ jáde níbẹ̀, ó kún agbọ̀n kan. Ẹni tó máa tún bọ́ílà ṣe náà dé, ní Monday. Màmá padà sí Ìkirè lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n sì lo ọdún mọ́kànlá mìíràn láyé, wọ́n ń sọ ìtàn ọmọ tó fẹ́ yan wọ́n jẹ.

Èmi náà ti di ẹni tí ń tọ́jú arúgbó báyìí, iṣẹ́ ìyá mi ni mo jogún. Ní oṣù tó kọjá, Bàbá kan tí mò ń tọ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, torí mo gbàgbé láti gbé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Ọlọ́run yọ ọ́, nǹkan kan ò ṣe é. Ọ̀gá wa pe gbogbo wa jọ láàárọ̀, ó béèrè pé ta ni. Mo wo ilẹ̀. Mo ro iṣẹ́ mi, mo ro orúkọ mi, mo ro bí mo ṣe lè to ọ̀rọ̀ náà kó lè rọ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé èmi ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ara sì tù mí pẹ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sílé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ni mò ń rò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí dókítà kọ ojú ìwé kejì tán kó tó sọ tirẹ̀.