Igbó Ìgbafẹ́ Alàájì Sàídì

Ìtàn tí gbogbo Bódìjà mọ̀ nípa olóògbé Alàájì Sàídì Àkànmú ni ti àárọ̀ ọjọ́ tí ó mú olówó kan kí igi. Abdulrauf, agbaṣẹ́ṣe láti Ring Road, ni olówó náà. Ó fẹ́ ra igbó kékeré tí bàbá Alàájì fi sílẹ̀ ní àfonífojì tí ó wà láàárín Bódìjà àti Agbowó, kí ó gé gbogbo igi ibẹ̀, kí ó sì kọ́ ilé ayálégbé síbẹ̀. Alàájì nìkan kọ́ ni ó ni ilẹ̀ náà. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Hàjíà Hamidah, tí ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀, ni wọ́n jọ jogún rẹ̀. Hamidah fẹ́ tà á. Alàájì kò fẹ́. Ni Hamidah bá mú Abdulrauf àti awọnlẹ̀ kan wá, ó ní ohun tí ẹnu kò bá lè yanjú, okùn ìwọnlẹ̀ yóò yanjú rẹ̀.

Alàájì ti dúró dè wọ́n ní ẹnu ọ̀nà igbó. Kakí tí ó fi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì ni ó wọ̀, fèrè irin sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Abdulrauf wí.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí àgbà tí ó wà lẹ́yìn mi náà."

Abdulrauf wo ẹ̀yìn Alàájì. Àràbà ràgàjì kan ni ó rí. "Igi yìí, sà?"

"Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ni ó ti wà lórí ìdúró. Àbí wọn kì í kí àgbà nílé yín ni?"

Ọmọ Ìbàdàn wo ni yóò gbà kí a sọ ọ́ lójú àlejò pé òun kò ní ẹ̀kọ́ ilé? Abdulrauf ṣí fìlà, ó tẹríba. "Ẹ kú ìdúró, sà."

"Bọ̀dá mi!" Hamidah figbe ta. "Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Mẹ́kà! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa bọ igi ni?"

"Kíkí ni mo ní kí ó kí i, Àmọ̀kẹ́. Èmi kò ní kí ó bọ ọ́." Alàájì yíjú sí Abdulrauf. "Ó dáa. Ẹni tí o ṣí fìlà fún láàárọ̀, ṣé o lè gbé ayùn tì í lọ́sàn-án?"

Awọnlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, tí ó sì ká okùn rẹ̀. Abdulrauf dé fìlà, ó ní òun ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ, ó tún bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, sà." Títí di òní, Hamidah kò lè sọ bóyá Alàájì ni ó ń kí ni tàbí àràbà.

Ọdún tí ọ̀wọ́n epo sọ gbogbo ìlú di ẹlẹ́sẹ̀ ni Alàájì yàn láti pe àwọn ènìyàn wá fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó fún ìgbádùn. Ó la ọ̀nà tóóró sáàárín àwọn igi, ó kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà: IGBÓ ÌGBAFẸ́. Àlejò àkọ́kọ́, Kabir, akọ̀wé báńkì kan, dé pẹ̀lú àdá àti àpò.

"Kí ni a máa pa, sà?"

"A kò ní pa nǹkan kan."

"Kí ni a máa ká?"

"A kò ní ká nǹkan kan."

"Kí wá ni a ń lọ ṣe?"

"A ń lọ rìn."

Kabir sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, láti Challenge ni mo ti fẹsẹ̀ rìn dé ibí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kò sí igbó tí wọ́n ti ń jókòó?"

Síbẹ̀, ó rìn ín. Lọ́jọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá.

Ìwọ̀n igbó náà nìkan ni ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ lójú Alàájì. Ó kéré. Nítorí náà ni ó ṣe la ọ̀nà ibẹ̀ wọ́kọwọ̀kọ bí ìfun ẹran, kí àlejò má baà tètè já síta. Yóò fọn fèrè, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gbéra lọ sí Kánò, yóò sì máa kéde bí wọ́n ti ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó dúró láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Agbowó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "A ti dé àárín gbùngbùn ẹgàn. Láti ibí yìí, kò sí ilé mọ́, kò sí ènìyàn."

Lẹ́yìn ewé tí ó wà níwájú wọn gan-an ni ẹ̀rọ ìlọta ti bú jáde. Bọ́sẹ̀, obìnrin tí ó ni ẹ̀rọ náà, yọ orí lókè ọgbà. "Bàbá, ẹ kú ìrìn o! Ṣé ti ọbẹ̀ ni kí n bá yín lọ̀ ni, àbí ti mọ́ínmọ́ín?"

Hamidah a máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gún un lára. "Bọ̀dá mi, ilé ni ènìyàn ń gbé. Ta ni ń gbé inú ewé?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́."

"Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ń san owó ilé ni?"

"Kò san án rí. Ayálégbé rẹ tí ó wà ní Mọníyà ńkọ́?"

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Hamidah kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1998, Alàájì jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Kò fi ọmọ sílẹ̀; ọwọ́ Hamidah nìkan ni ilẹ̀ náà kù sí. Wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, Abdulrauf dé. Ó kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó sì rọra béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

"Dúró síbí," ni Hamidah wí nígbà tí wọ́n jọ dé ẹnu ọ̀nà igbó. "Jẹ́ kí n wo ohun tí mo fẹ́ tà."

Kò tí ì wọ inú igbó náà rí láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti la ọ̀nà sí i. Orúnkún rẹ̀ òsì, tí ó fi ṣubú ní ọjà, kì í jẹ́ kí ó gun àtẹ̀gùn láìkérora. Nígbà tí ó dé ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, ó ti fẹ́ yí padà kí ó tó rí àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi pákó abẹ́ ojú irin tẹ́ ẹ. Ìpele rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ń kọ́ ìrìn lè gùn ún, ọparun ìdìmú sì wà ní ọwọ́ òsì. Hamidah sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì. Orúnkún kò sọ nǹkan kan.

Ó gbọ́ ìró Bọ́sẹ̀ lẹ́yìn ọgbà. "Bọ́sẹ̀! Ta ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe àtẹ̀gùn yìí fún? Òun fúnra rẹ̀ ń fò bí ewúrẹ́."

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe. Wọ́n ní ẹ ń bọ̀."

Láti òkè, Abdulrauf pe Hamidah: "Màmá, ṣé ẹ ti wò ó tán?"

"N kò tí ì wò ó dé ibì kan. Máa lọ sílé, ọmọ mi. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà."

Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Olóríkunkun ènìyàn," ni ó sọ jẹ́jẹ́. Ó wá di ọparun náà mú, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò.